Éèsì méjì lọ́wọ́ mi, ẹni mẹ́rin tí kò ju káàdì sílẹ̀: kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Ọmọ Ìdí-Abà:

Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè. Ẹ̀yin àgbà tí ó wà níbí, ọ̀rọ̀ póókà ni mo gbé wá, oríṣi tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, nínú èyí tí a ń pín káàdì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bòńkẹ́lẹ́, tí a sì ń ṣí márùn-ún sí àárín fún gbogbo ènìyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa méje ni a máa ń pàdé ní ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìbàrà, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a fi ń ṣe owó: èyí tí ó pupa jẹ́ 50 náírà, èyí tí ó ní àwọ̀ ewé jẹ́ 500, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa ń ra ti 10,000 náírà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn tí a jọ ń ta á kì í ju káàdì sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní mẹ́jọ àti mẹ́ta, wọn yóò san. Ẹ gbé owó lé e, wọn yóò tún san, wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín pé àwọn ṣáà fẹ́ rí ohun tí yóò ṣí. Èmi máa ń ṣe sùúrù ní tèmi. Láàárín oṣù méjì yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni éèsì méjì, káàdì méjì tí ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi káàdì jákujàku gba owó lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ro ti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá bí ó ṣe rí gan-an. Owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo káàdì ni 50 àti 100. Ẹni méjì mìíràn ti san 100 kí ó tó kàn mí. Mo wo ọwọ́ mi, mo rí éèsì méjì, mo gbé e sí 300. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí owó wọn ti wà nílẹ̀ ni ó tẹ̀lé mi, owó àárín sì di 1,500. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣí: mẹ́sàn-án hàátì, mẹ́jọ hàátì, mẹ́rin kúlọ́ọ̀bù. Mo fi 400 sílẹ̀, ẹni mẹ́ta tẹ̀lé mi. Káàdì kẹrin jẹ́ méjì sípéèdì, èyí tí kò dà bí ẹni pé ó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́; mo fi 500 sílẹ̀, ẹni méjì tẹ̀lé mi. Káàdì karùn-ún ni mẹ́jọ mìíràn. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ń ta sìmẹ́ńtì, ẹni tí ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo káàdì rẹ̀ mọ́ itan bí ẹni tí ó ń fi ẹran pamọ́ fún ológbò, rọra ti ìdérí aláwọ̀ ewé méjì sí àárín. Mo san án. Mẹ́jọ àti mẹ́ta ni ó ṣí, mẹ́jọ rẹ̀ di mẹ́ta, ó sì borí éèsì mi méjì. Mẹ́jọ àti mẹ́ta, tí àmì wọn kò tilẹ̀ bára mu! Bí mo ṣe pàdánù 2,200 náírà nìyẹn.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n má gbé owó sókè mọ́ ni, kí n kàn san 100 bíi ti gbogbo ènìyàn kí n sì máa wo ohun tí yóò ṣí? Àbí kí n gbé e ga débi tí gbogbo wọn yóò fi sá?

Akọ̀wé Àgbà:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta kéré jù láti fi dá ẹjọ́ fún éèsì méjì. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìpín 221 ni wọ́n máa ń bọ́ síni lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń pín káàdì ní ìgbà 25 láàárín wákàtí kan, a jẹ́ pé ìwọ yóò jókòó fún nǹkan bíi wákàtí 9 kí o tó rí wọn lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá wá rí wọn tán tí o sì kàn san 100 bíi ti gbogbo ènìyàn, ìyà tí o fi jẹ ara rẹ láti ìrọ̀lẹ́ kò ní èrè kankan.

Èkejì ni iye ènìyàn tí ó bá ọ wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìwọ àti ẹnì kan péré ni ẹ jọ wo káàdì márààrún, tí ẹni náà sì mú káàdì èyíkéyìí tí ó bá ṣáà ti bọ́ sí i lọ́wọ́, nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100 ni éèsì méjì yóò borí. Bí wọ́n bá di ẹni méjì, ó di 73. Ẹni mẹ́ta, 64. Ẹni mẹ́rin, irú èyí tí o bá pàdé lọ́jọ́ náà, ó di nǹkan bí 56. Bí wọ́n bá sì di márùn-ún, ó ti bọ́ sí abẹ́ ìdajì díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi oògùn sí i. Ènìyàn mẹ́rin ni o pè wọlé, o wá ń bínú pé ọ̀kan nínú wọn rí ohun mú lọ.

Nítorí náà, 300 yẹn ti kéré jù. Ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, èmi a máa gbé e sí ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà 100 tí ó jẹ́ owó àfilélẹ̀ tí ó tóbi jù, n ó sì fi 100 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ti san ṣáájú mi. Ẹni méjì ti san ṣáájú rẹ, nítorí náà 700 tàbí 800 ni ó yẹ kí o pè, kí ẹni tí ó mú mẹ́jọ àti mẹ́ta lè máa lọ ilé rẹ̀, kí ó sì ku ìwọ àti ẹnì kan.

Ìyá Aláàdìrẹ:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò yín pé, 800 yẹn náà sì dára, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ fi ní kí ó pè é ni n kò fara mọ́. Ẹ ní kí oníbàárà máa lọ ilé! Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi ni mo ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, n kò sì tíì rí ọlọ́jà tí ó ń gbàdúrà pé kí ẹni tí kì í ná ọjà má ṣe yà sí ìsọ̀ òun.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó wò ó. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbàgbé owó àfilélẹ̀, kí a sì ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tí yóò tún fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn èyí. Bí ọmọ wa bá fi 300 sílẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo tẹ̀lé e, owó àárín di 600. Ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 510. Yọ 300 tirẹ̀ kúrò, èrè rẹ̀ jẹ́ 210. Bí ẹni mẹ́rin bá tẹ̀lé e, owó di 1,500; ìdá 56 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 840; yọ 300, ó ku 540. Ẹ rí i pé yóò pàdánù léraléra ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ èrè rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Wàyí o, kí a fi 800 dípò 300. Bí ẹni méjì bá tẹ̀lé e, 2,400 ni ó wà nílẹ̀, ìdá 73 rẹ̀ jẹ́ 1,752, èrè rẹ̀ sì di 952. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọ pé àwọn kò ní gbà, tí gbogbo wọn san 800, owó di 4,000, ìdá 56 rẹ̀ jẹ́ 2,240, èrè rẹ̀ sì di 1,440. A kì í gbé owó sókè kí wọ́n lè sá. Kí owó tí wọ́n ń san lè nípọn ni a ṣe ń gbé e sókè. Bí wọ́n bá sá, ó dára; bí wọn kò bá sá, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí inú ẹni bá lè gbà á pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ó sunkún.

Ọmọ mi, ibi tí o ti ba ọjà jẹ́ gan-an ni lẹ́yìn tí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣí. Hàátì méjì ni ó wà nílẹ̀ nínú mẹ́ta. Ẹnì kan nínú àwọn tí ó tẹ̀lé ọ yóò ti ní hàátì méjì lọ́wọ́, kí a tilẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí hàátì kan péré bá tún ṣí, tirẹ̀ pé márùn-ún, ó sì borí éèsì rẹ méjì. Hàátì mẹ́sàn-án ni ó kù fún un nínú káàdì 47 tí kò tíì rí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìgbà 19 nínú 100 ni káàdì kẹrin yóò gbè é. Kí ni o wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀? 400, láti fi jẹ 1,900 tí ó wà nílẹ̀. 400 nínú àpapọ̀ 2,300 jẹ́ nǹkan bí 17 nínú 100. Ohun tí ó tó 19, 17 ni o tà á fún un, o tún wá dì í sínú ọ̀rá. Ní káàdì kẹrin, o gba 500 lórí 3,100. 12 nínú 100 ni ó nílò, ó sì ní tó 20. Àánú rẹ ṣe mí nígbà tí mo kà á débẹ̀.

Ká ní 1,200 ni o fi sílẹ̀ lórí 1,500 náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀lé ọ yóò máa san 1,200 nínú 3,900, èyí tí ó tó nǹkan bí 31 nínú 100, fún ohun tí kò ju 19 lọ. Ẹnì kan lè sọ pé tí a bá ka káàdì kẹrin àti ìkarùn-ún papọ̀, alámì hàátì náà ní 35. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè rí ìkarùn-ún láìjẹ́ pé ó tún sanwó ní ìkẹrin, níbẹ̀ ni ìwọ yóò sì ti tún na ọwọ́ gbà á.

Ẹ tún wo oní-sìmẹ́ńtì. Mẹ́jọ kan ni ó ní nílẹ̀. Káàdì márùn-ún péré ni ó lè gbà á sílẹ̀: mẹ́jọ méjì tí ó kù àti mẹ́ta mẹ́ta. Márùn-ún nínú 47 kò ju nǹkan bí 11 nínú 100 lọ. Òun ni ó ra ọjà gbówó lérí jù lọ nínú ilé yẹn, òun ni o sì ń bá bínú! Irú rẹ̀ ni kí o máa fún ní àga tí ó rọ̀.

Ní ti 1,000 tí o san níkẹyìn, n kò ní bá ọ wí púpọ̀, nítorí 1,000 láti fi jẹ 5,600 kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti owó sí àárín, tí ó kàn máa ń tẹ̀lé ènìyàn, tí ó wá dédé tì í ní ọjọ́ kan, káàdì ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Nínú àwọn ìdíje tí mo ń wò lórí fóònù, mo máa ń rí i pé tí káàdì gidi bá bọ́ sí àwọn ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n á ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tí àwọn mú, wọ́n á kan tábìlì kí ó lè kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹni yẹn fúnra rẹ̀ gbé owó wá. Kí ni kò jẹ́ kí ọmọ Ìdí-Abà ṣe bẹ́ẹ̀? Ó sì lè fi ìhàlẹ̀ kún un nígbà tí kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Akọ̀wé Àgbà:

Kí n tó dá Ọmọ Panṣẹ́kẹ́ lóhùn, mo gbà fún Ìyá. Iye ìgbà tí mo ń borí ni mo ń kà, n kò ka iye tí mo ń mú lọ ilé. Ọ̀tọ̀ sì ni àwọn méjèèjì.

Àbúrò, ohun tí o ń wò lórí fóònù kì í ṣe irú àwùjọ yìí rárá. Láti 1970 ni wọ́n ti ń ṣe World Series of Poker ní Las Vegas, ní ìdíje tí ó tóbi jù nínú rẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ bá ti tán ti lọ nìyẹn, kò lè ra òmíràn, nítorí náà ìbẹ̀rù wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn. Ní 2003, Chris Moneymaker, oníṣirò owó tí ó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje náà, halẹ̀ mọ́ Sam Farha nígbà tí ó ku àwọn méjì péré. Kò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Farha ní mẹ́sàn-án kan lọ́wọ́, òmíràn sì wà nílẹ̀, ó ronú títí, ó sì ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Moneymaker ni ó gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là níkẹyìn. Ìhàlẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́ nítorí pé Farha jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti ń ju káàdì sílẹ̀. Ta ni yóò jù ú sílẹ̀ ní Ìbàrà? Bí Moneymaker bá halẹ̀ mọ́ oní-sìmẹ́ńtì, mẹ́jọ àti mẹ́ta yóò kó gbogbo owó rẹ̀.

Bákan náà ni fífi káàdì gidi pamọ́. Ẹni tí a ń fi nǹkan pamọ́ fún ni ẹni tí yóò sá bí ó bá rí i. Àwọn wọ̀nyí kò ní sá, wọn kò sì ní bá ọ gbé owó wá, nítorí pé títẹ̀lé ni wọ́n mọ̀. Bí o bá kan tábìlì, àwọn náà yóò kàn án, káàdì mìíràn yóò ṣí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ń wá hàátì yóò sì rí i láìsan kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni àwọn tí kì í ju káàdì sílẹ̀ pín sí, ó sì dà bí ẹni pé a ti ń lù wọ́n pọ̀. Àwọn kan ń tẹ̀lé ni. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kì í balẹ̀, tí wọn yóò máa ti owó sí àárín yálà wọ́n mú nǹkan tàbí wọn kò mú. Fún irú ẹni kejì yìí, ohun tí Ọmọ Panṣẹ́kẹ́ sọ tọ̀nà. Bí o bá mú éèsì àti kíǹgì, tí kíǹgì sì ṣí, tí ó ku ìwọ àti irú ẹni bẹ́ẹ̀, má ṣe fi owó lé tirẹ̀ kí ó má baà jí lójú oorun; kàn án sí i, jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o wá, kí o sì máa san án. Mo ti rí ẹni tí ó na gbogbo ìdérí rẹ̀ tán báyìí, tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o.

Nǹkan méjì péré ni n ó fi kún un. Ní àwùjọ yín, káàdì tí ó tó láti gba owó lé lórí kò ní láti jẹ́ éèsì méjì: kíǹgì àti kuíìnì lọ́wọ́, tí kuíìnì sì ṣí gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ga jù nílẹ̀, tó láti máa gba owó ní káàdì kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, nítorí pé ẹni tí ó mú kuíìnì àti mẹ́rin yóò máa san. Èkejì, káàdì kékeré méjì tí ó bára mu, bíi márùn-ún méjì, máa wò wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni márùn-ún kẹta yóò ṣí nínú káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá ṣí, gbogbo ilé ni yóò san án. Bí kò bá ṣí, jù wọ́n sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Ọmọ Ìdí-Abà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo dúró kí ọjọ́ Ẹtì kọjá kí n tó padà wá, kí n má baà wá fi ẹnu lásán dúpẹ́.

Éèsì méjì kò yọjú. Kíǹgì méjì ni mo rí, nígbà tí iná mànàmáná ti lọ tí a ti gbé àtùpà sí àárín. Ẹni mẹ́ta ti san 100 ṣáájú mi. Mo pe 900. Ó rọ̀ mí lẹ́nu láti pè é, ọwọ́ mi ni ó ń gbọ̀n. Ẹni méjì tẹ̀lé mi, oní-sìmẹ́ńtì sì wà níbẹ̀. Pẹ̀lú owó àwọn tí ó sá, 2,950 ni ó wà nílẹ̀. Jáàkì kúlọ́ọ̀bù, mẹ́fà dáyámọ̀ǹdì àti méjì dáyámọ̀ǹdì ṣí. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ìyá, mo fi 2,000 sílẹ̀. Ẹnì kan jù sílẹ̀, ó ku èmi àti oní-sìmẹ́ńtì. Káàdì kẹrin jẹ́ mẹ́fà mìíràn. Mo tún ti 2,500 síwájú. Oní-sìmẹ́ńtì gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò lórí káàdì rẹ̀, èyí tí n kò rí i kí ó ṣe rí. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lábẹ́ iná àtùpà, ó sì ti gbogbo ìdérí tí ó kù fún un sí àárín.

Mo jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ń pariwo pé kí n san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé kíǹgì méjì ni mo mú. Mo jù wọ́n sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣí tirẹ̀ hàn wá: mẹ́fà àti mẹ́rin. 5,400 náírà lọ báyẹn, ṣùgbọ́n èyí tí ó kù lọ́wọ́ mi kò bá a lọ.

Ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, éèsì àti kuíìnì bọ́ sí mi lọ́wọ́, kuíìnì ṣí, mo gba owó ní káàdì kẹta, mo gbà á ní ìkẹrin, mo gbà á ní ìkarùn-ún, oní-sìmẹ́ńtì sì san gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú jáàkì méjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ka ìdérí kí a tó tú ká, mo ní 13,650. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì tí n óò gbé ọ̀kadà lọ sílé dípò kí n fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìyá Aláàdìrẹ:

O ṣe é dáadáa. Jíjù sílẹ̀ yẹn wú mi lórí ju èrè náà lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ẹni tí ó fi mẹ́fà àti mẹ́rin san 900 náírà yìí, ọ̀nà wo ni ilé yẹn wà ní Ìbàrà gan-an? Ṣé ẹ sì máa ń gba obìnrin síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì?